Ẹ̀rù Ìyá Ìyàwó

Bí ẹ bá dé abúlé wa tí ẹ béèrè ilé Besweri Mutyaba, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Èmi Kezia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa kú, èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ojo ni. Ojo wo? Ọkùnrin tó fi ọkọ́ pa paramọ́lẹ̀ nínú ààrò bíríkì, nígbà tí àwọn tó ń pè é lójo ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba Mutyaba lẹ́rù láyé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ ṣe sùúrù.

Kò sí ọkùnrin wa tí kì í bọ̀wọ̀ fún ìyá ìyàwó. Wọn kì í bá a jókòó, wọn kì í wò ó lójú, wọn kì í sì í gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Ọkùnrin á gbé e sílẹ̀, ìyá á wá gbé e. Ẹni tó bá ṣèèṣì fara kàn án, àwọn àgbà ti ṣètò tiẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ọkùnrin náà á fi aṣọ èèpo igi kan ránṣẹ́, ìyá ìyàwó á fi í bora, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí kò bá ṣe é, wọ́n ní ara rẹ̀ á máa gbọ̀n títí yóò fi kú. Àìsàn àna la ń pè é. Àwọn ọkùnrin yòókù ń pa òfin yìí mọ́ bí ẹni ń fọ ẹnu láàárọ̀, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Mutyaba ti bá àìsàn náà gbé inú ilé kan náà.

Bàbá wa ló ṣe. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa, ìyá-ìyá wa sunkún dé etí sàréè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé òkú ọmọ rẹ̀ lórí. Bàbá ló sún mọ́ ọn jù. Ó nawọ́, ó gbá a mú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Ó fi aṣọ èèpo igi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìyá náà sì gbà á. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ ọ̀tún bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dé ọwọ́ òsì, ó dé àgbọ̀n, ó dé ẹsẹ̀. Gbogbo abúlé ní, “Ẹ ò rántí ọjọ́ ìsìnkú?” Bàbá tún fi aṣọ mìíràn ránṣẹ́, gbígbọ̀n ò dúró. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ti béèrè nígbà náà pé ṣé àna ló fà á lóòótọ́. Àwa ní aṣọ yẹn ni kò fẹ̀ tó.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Mutyaba nígbà náà. Òun ló ń gbé ife tíì sí bàbá lẹ́nu, òun ló ń bá a so ṣòkòtò. Àwọn ọmọ iléèwé á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á máa gbọn ọwọ́, wọ́n á máa rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bíi bàbá wa, wọ́n á máa pè é ní “Ọkọ àna.” Mutyaba á ju òkò sí wọn, á wá lọ sunkún sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí n bá máa dà báyìí, kí n kú ló yá.” Ọmọ kékeré! Mo ní kó dákẹ́, kó jẹun. Mo tún fi kún un, ẹnu mi yìí náà ni, mo ní, “Má fọwọ́ kan ìyá ìyàwó ẹ lọ́jọ́ iwájú, o ò ní dà bẹ́ẹ̀.”

Ó gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mélòó ni ọmọ máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà? Ìyẹn ló gbọ́.

Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ fẹ́ Nantongo, ohun táwọn ọkùnrin máa ń béèrè ni pé ṣé ọmọbìnrin náà mọ oúnjẹ sè. Èyí tí Mutyaba béèrè ni pé ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Wọ́n ní ó wà, Nalongo ni, ìyá ìbejì, opó tó ń gbé ní òdìkejì irà. Oṣù méjì ló fi rò ó kó tó lè ní òun á fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ràn Nantongo ni, kò sí nǹkan mìíràn tó lè mú un ṣe é.

Iṣẹ́ bíríkì ló ń ṣe, létí irà náà. Gbogbo ilé tuntun tí ẹ bá rí lágbègbè yìí, bíríkì Mutyaba ni. Àmọ́ ọ̀nà tí Nalongo máa ń gbà wá kí ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú ààrò gan-an, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ di eré. Wọ́n á wulẹ̀ pariwo, “Mutyaba o! Àna ẹ dé o!” Lọ́jọ́ kan ó bẹ́ sínú irà taṣọ-taṣọ. Ìgbà tó jáde, eṣúṣú lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà.

“Ọkọ Nantongo, ẹ kú ìwẹ̀ o!”

“Ẹ bá wa pa ẹja bọ̀?”

“Ẹ má bínú, ewúrẹ́ ló kọjá, a ṣe bí màmá ni.”

Mutyaba ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó jókòó, ó ń fa eṣúṣú kúrò lẹ́sẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo gbé oúnjẹ wá fún wọn, mo bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rín in gan-an ni.

Ẹ wá gbọ́ tèmi báyìí, torí bí mo bá fi tèmi pamọ́, irọ́ ni gbogbo èyí tí mo ti ń sọ.

Ọdún kejì tí Mutyaba gbéyàwó, bàbá wa ṣubú. Èmi nìkan ni mo gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, torí iná ààrò ń jó lọ́wọ́, Mutyaba ò lè fi í sílẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó wọ awò ojú ká ọwọ́ bàbá kò, ó tún un nà, ó ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ àna fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Màmá, inú ọpọlọ ni àìsàn yìí wà. Ó ń ṣe àwọn òyìnbó náà, àwọn tó ń bá ìyá ìyàwó jẹun lórí tábìlì kan. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kó o ràn wọ́n. Ẹ lọ sọ fáwọn ará ilé kí ọkàn wọn lè balẹ̀.”

Kí n lọ sọ fáwọn ará ilé. Ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nìyí. Ọkọ mi ti lé mi torí pé n kò bímọ. Mutyaba ló kọ́ yàrá kan fún mi nínú ọgbà rẹ̀, Nantongo ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbóná nínú ewé àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. Òrùlé ìyá rẹ̀ sì ń jò lódìkejì irà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nantongo ti sọ ọ́ létí mi, láìmọ ohun tó ń sọ: “Àǹtí, ká ní kì í ṣe ti ẹ̀rù Bàbá Mirembe ni, ǹ bá ti mú ìyá mi wá síbí.” Mirembe ni àkọ́bí wọn. Yàrá mélòó ló ṣẹ́ kù nínú ọgbà yẹn? Ẹyọ kan. Ta ló wà níbẹ̀? Èmi.

Nítorí náà, bí Mutyaba ṣe béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Kí ni dókítà wí?” mo ní, “Wọ́n ní arúgbó ni.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Mo wà níbẹ̀ dáadáa, mo ń wo orí ọmọ.

Bàbá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́fà sí ìgbà yẹn ni ọjọ́ burúkú náà dé.

Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sá lọ sílé, Mutyaba nìkan ló kù tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo bíríkì tútù. Ó gbọ́ ikọ́ Nalongo lókèèrè. Bí ìyá yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bó bá ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ lè ráyè kúrò lọ́nà. Mutyaba sá sẹ́yìn bíríkì tó tò sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta, Nalongo sì rí i. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Kò fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí ó má bàa kó ìpayà bá a. Ó fa ìborùn bojú, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gba apá kejì, létí kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Òjò ti mú etí kòtò náà rọ̀. Ó ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá náà sì já sínú omi.

Ohun tí Mutyaba sọ fáráyé ni pé òun sáré lọ pe ènìyàn, pé kí àwọn tó dé ó ti bọ́. Wọ́n gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n gbé Nalongo jáde, amọ̀ kún ẹnu rẹ̀, àpò ẹ̀wà tó ń gbé bọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ṣì kọ́ ọ lọ́rùn.

Lójú oórì, nígbà tí wọ́n ń fi aṣọ èèpo igi wé òkú, Bàbá Lutaaya, olórí ẹbí wa, bú u níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, “Mutyaba, o lọ pè wá. Ìwọ ò lọ́wọ́ ni? Ta ló sọ fún ẹ pé òfin ní kí ìyá ìyàwó kú? Ká ní o fà á jáde, aṣọ kan ṣoṣo la máa fi ránṣẹ́, a ó sì mutí lé e. Ó di mẹ́fà tá a fi sin ín báyìí.”

Mutyaba ń wolẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé bàbá òun náà fi aṣọ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì tún gbọ̀n dé ojú ikú?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó bá mi lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n kò sọ gbogbo ẹ̀.”

Mo ní, “Sọ ọ́.”

“Mo ju igi sí i. Igi gígùn tá a fi ń ti iná nínú ààrò. Ó dì í mú. Mo ń fà á, ó ń bọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan ré ọwọ́ kejì kọjá, ó ń gun igi náà bọ̀ wá sókè. Ìborùn ti bọ́ lójú ẹ̀. Mo wá rí i pé ọwọ́ ẹ̀ máa tó dé ibi tí ọwọ́ tèmi wà.”

“O wá ṣe kí ni?”

“N kò mọ̀ pé mo máa ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi bàbá wa búra, n kò mọ̀. Mo jọ̀wọ́ igi náà sílẹ̀.”

Mo ní, “Kí ló sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí. Ìgbà yẹn nìkan la wo ara wa lójú rí.”

Ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo ní kó má sọ fún ìyàwó rẹ̀. Bí ẹni tó jẹ gbèsè irọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, irọ́ mìíràn ló máa ń yá.

Ṣùgbọ́n Nantongo kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí igi náà tó léfòó lórí omi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ jáde. Ó fi ogójì ọjọ́ rò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jọ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ níta, Mutyaba ń wẹ ẹsẹ̀. Nantongo ò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Mirembe, ta ló ju igi sínú kòtò?”

“Èmi ni.”

“Ọwọ́ ìyá mi tó o?”

Mutyaba da omi sí ẹsẹ̀ kejì.

“Ìyá mi máa ń fa omi kànga tó jìn jù yẹn lọ. Ó lè di igi mú. Mo ní ṣé ọwọ́ ẹ̀ tó o?”

“Ó tó o,” ni Mutyaba wí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ fún mi, kò yọ nǹkan kan kúrò. Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Ní ìṣẹ́jú yẹn mo lè la ẹnu mi kí n sọ pé, “Nantongo, èmi ni kó o bínú sí, mo ti mọ̀ láti ọdún méje pé ẹ̀rù lásán ló ń bà á.” Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kàn.

Nantongo nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Ṣé o mọ ohun tí ìyá mi máa ń wí? Ó ní nínú gbogbo ọkọ àwọn ọmọ òun, ìwọ nìkan lo bọ̀wọ̀ fún òun. Ó ní àwọn yòókù ń dúró sí òkèèrè kí òun, pé ìwọ, o tiẹ̀ ń sá. Ó máa ń fi ẹ́ yangàn lọ́jà.”

Ó dìde, ó kó aṣọ, ó mú Mirembe lọ́wọ́, ó sì pọn àbíkẹ́yìn. Ó gba ọ̀nà irà lọ sí ilé ìyá rẹ̀ tó ń jò. Kò padà wá mọ́. Ó dágbére fún mi o! Ó ní, “Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú wa.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lẹ́ran títí dòní, torí kò mọ̀, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Mutyaba fi iṣẹ́ bíríkì sílẹ̀. Kò lè dé etí kòtò yẹn mọ́. Àwọn kan ti kó àwọn bíríkì tútù tó kù lọ, koríko sì ti bo ààrò. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi fúnra rẹ̀, àsèèjinná ọkùnrin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òtítọ́ wà nínú mi, ó jókòó, kò lépa ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù tó kọjá, ó wá bá mi ní ìta yàrá mi. Ó gbé àwo sílẹ̀, kò lọ. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí Nalongo ti kú. Mutyaba ti rù, irun rẹ̀ ti ń funfun, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú bàbá jù mí lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé wọn dé ọsibítù.”

Mo ní, “Béèrè.”

“Ká ní mo jẹ́ kó dì mí lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo fà á jáde. Ṣé ǹ bá gbọ̀n bíi bàbá?”

Ó ń wò mí tààrà. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun rí nǹkan kan gbà nídìí ẹ̀mí tó lọ náà, ìyàwó tó lọ, àwọn ọmọ tó lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó sá fún tiẹ̀ wà.

Mo fẹ́ kí n sọ fún yín pé àánú ló ṣe mí. Ó ṣe mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú náà ló dáhùn. Mo rí i pé bí mo bá sọ òtítọ́, ìbéèrè tó kàn ni pé, “Ìgbà wo lẹ mọ̀?” Mo sì ti di arúgbó. N kò níbòmíràn tí mo lè lọ.

Mo ní, “Ò bá gbọ̀n. Ò bá gbọ̀n ju bàbá lọ.”

Ó mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó tó bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Ó gbé àwo oúnjẹ àárọ̀ tó ṣófo, ó lọ sílé rẹ̀. Kò pẹ́, mo wà nínú yàrá mi, mo ń gbọ́ ìhanrun rẹ̀.